Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Ọ̀rọ̀

Fọ́ọ̀mù ní kí n sọ̀rọ̀ ara mi,
kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀rọ̀ lọ:
kí ló dé tí ìwọ, Verna Stidham, nọ́ọ̀sì alẹ́,
ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta,
fi fẹ́ gba oyè dókítà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?

Mo ti jókòó láti aago méjì òru.
Yìnyín ń bọ́ sórí òkè Kentucky bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun.
Kọfí mi ti tutù.

Èsì ìdánwò mi àtijọ́ ti dé ọ̀dọ̀ wọn,
tòun ti máàkì kẹ́mísírì játijàti,
nígbà tí oyún Tamsin ń yí mi lójú,
tí mo ń bì sínú agbọ̀n ìdọ̀tí yàrá ìdánwò.
Dókítà Pruitt kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí:
"Kì í pẹ́ lẹ́yìn. Kì í ṣàròyé."
Ọdún mọ́kàndínlógún, gbólóhùn méjì.
Àgùntàn náà kì í ṣàròyé.

Tamsin ka èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ó rẹ́rìn-ín:
"Màmá, ẹ ti kọ 'ìtara' lẹ́ẹ̀mẹfà,
ẹ ò tíì dárúkọ èèyàn kan ṣoṣo."
Mo bínú díẹ̀.
Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Kí ni kí n wá kọ?
Ṣé kí n kọ pé àwọn awakùsà ibí
ń gbé òkè náà sínú ẹ̀dọ̀fóró relé,
pé èédú tí wọ́n wà nígbà èwe
ló ń wà wọ́n padà báyìí, díẹ̀díẹ̀?

Ìwé kékeré kan wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi.
Kò sẹ́ni tó ní kí n máa kọ ọ́.
Ẹni tí a dá sílé tó tún padà wá kí oṣù tó yípo,
mo ń kọ orúkọ rẹ̀, mo ń kọ ohun tó dá a padà:

Delmer Fugate: wọ́n já iná ilé rẹ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn dákẹ́.
Opal Napier: kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn, ojú ń ṣe bàìbàì.
Obìnrin kan tó ní kí n má kọ orúkọ òun: ogójì máìlì ni sí dókítà, táyà mọ́tò rẹ̀ ti fọ́.
Delmer Fugate, lẹ́ẹ̀kan sí i.
Delmer Fugate.

Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, kò béèrè oògùn.
Ó ní ajá òun wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀,
kí n ti bẹ́ẹ̀dì òun sún mọ́ fèrèsé.
Òfin kò gbà á.
Mo tú bíréèkì ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo tì í.
Ajá gbójú sókè, Delmer gbọ́wọ́ sókè,
mo sì wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ:
atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi méjì gòkè.
Ẹ má bi mí pé kí ló fà á.
Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ wá kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Aago márùn-ún ti kọjá.
Mo kà á: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá.
Fọ́ọ̀mù pọ́n lójú, ó kọ̀ jálẹ̀.
Méjìlá gbọ́dọ̀ lọ.

Mo yọ "láti ìgbà èwe mi ni iṣẹ́ yìí ti ń wù mí gan-an."
Irọ́ ni, àbí ká ní ìdajì irọ́:
ilé ìwòsàn ló ń gbani síṣẹ́
lọ́dún tí wọ́n ti kòtò èédú pa.
N kò fọwọ́ kan ajá náà.

Mo tẹ bọ́tìnnì,
mo lọ gbọn yìnyín kúrò lára mọ́tò.